Ọwọ́ Tó Gbé Kẹ́ẹ̀gì Náà

Ọ̀gá Lọ́fínńdà, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò wa, na àwòrán kan sókè bí ẹni tó ń polówó aṣọ, ó sì gbé e yí gbogbo wa ká.

"Ẹ wò ó dáadáa. Ta nìyí?"

Bọ̀ọ̀dá mi ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ nìyẹn, èjìká òsì tó máa ń rẹ̀ sílẹ̀ bó bá ń rìn nìyẹn. Nínú àwòrán náà, ó ń ti ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ wa jáde, kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Inú iléeṣẹ́ ọ̀hún gan-an la dúró sí. Ògiri ti dúdú, omi tí àwọn panápaná fi pa iná ṣì ń kán láti àjà sí wa lọ́rùn, gbogbo ilé sì ń rùn bí ìwé tí wọ́n sun tí kò jóná tán.

"Ọlọ́dẹ òdìkejì títì ló rí i lọ́sàn-án àná," Lọ́fínńdà ní. "Bó ti ń ṣàpèjúwe ni ayàwòrán àgọ́ wa ń yà á, níwájú èmi fúnra mi. Ẹjọ́ tí ò ní àwòrán, ọbẹ̀ tí ò níyọ̀ ni. Adájọ́ fẹ́ràn ohun tí ojú bá rí."

Ó yọ ìgò lọ́fínńdà kékeré láti àpò àyà rẹ̀, ó fín in sí ọrùn ara rẹ̀, ó tún fín in sí Bọ̀ọ̀dá mi lójú, ẹni tí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kó o má baà máa rùn bí èéfín níwájú adájọ́. Mo láàánú."

Títí dòní, nílẹ̀ òkèèrè tí mo wà yìí, bí òórùn tó jọ ọ́ bá fẹ́ sí mi nínú ọkọ̀, eyín mi á pa keke.

Kátúùnù là ń ṣe nígbà náà. Ọwọ́ la fi ń yà á, lórí bébà, àwòrán lé àwòrán, títí ènìyàn inú rẹ̀ á fi dìde rìn. Bọ̀ọ̀dá mi ni olórí ayàwòrán. Èmi àtẹ̀lé rẹ̀ ni mò ń kùn ún lọ́dà. Eré wa tó lókìkí jù ni ti Sájẹ́ǹtì Àpò-Mẹ́sàn-án, ọlọ́pàá kan tí àpò mẹ́sàn-án wà lára yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, tí àpò kọ̀ọ̀kan ní irú rìbá tirẹ̀: ti búrẹ́dì, ti fóònù, ti bàtà tuntun, títí dórí èyí tó ń fi tọ́jú ọmọ ológbò tó gbà lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan. Bó bá mú olè, á kọ́kọ́ bi í pé àpò wo ló wù ú. Tọmọdé tàgbà ló ń fi í rẹ́rìn-ín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Apá tó gbẹ̀yìn la ṣẹ̀ṣẹ̀ yà tán, níbi tí ọwọ́ òfin ti tẹ Sájẹ́ǹtì. Òun náà ló jóná. Lọ́fínńdà sì ní Bọ̀ọ̀dá mi ló sun ún, nítorí pé Bọ̀ọ̀dá mi bá Bàbá Wa jà lọ́sẹ̀ yẹn. Bàbá Wa là ń pe ẹni tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, tó kọ́ gbogbo wa níṣẹ́.

Ẹni tó bá finá sílé, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni adájọ́ máa jókòó.

Ìgbà náà ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ wọlé, wọ́n ń fi eyín fọ́ súìtì.

Àbúrò ìyá wa ni wọ́n. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá títí wọ́n fi bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sórí tábìlì ọ̀gá wọn lọ́jọ́ kan, nítorí irú Lọ́fínńdà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá pè wọ́n ni wọ́n ń wádìí ọ̀ràn fún. Wọ́n tín-ín-rín, ibi tí èèyàn ò rò ni wọ́n ń gbà wọlé, orúkọ yẹn sì mọ́ wọn lára. Bí inú bá ń bí wọn, súìtì ni wọ́n ń fọ́. Lọ́jọ́ yẹn, bí ẹni ń fọ́ òkúta ni.

"Abẹ́rẹ́!" Lọ́fínńdà pariwo. "O ò tíì kú?"

"Ìwọ ni mò ń dúró dè. Àgbà ló ń ṣíwájú."

"Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ ti di adánásunlé."

"Jẹ́ n wo àwòrán ẹ."

Ó fún wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí wò ó pẹ́. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Eyín wọn dákẹ́ lórí súìtì.

"Ayàwòrán àgọ́ yín ló yà á? Láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀?"

"Níwájú mi!"

"Kò sẹ́ni tó bá a fọwọ́ kàn án?"

"Abẹ́rẹ́, ṣé o ti di adití?"

"Àgbà ti dé ni. Jọ̀ọ́, kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó o fọwọ́ sí i, kí ọkàn mi balẹ̀."

Ó kọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i gbàgàdà-gbagada, ó tún ya fìlà ọlọ́pàá kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, nítorí kò lè ṣe nǹkan kan kó má ṣe àṣejù. Ó ká àwòrán rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ sì ń wọ́ Bọ̀ọ̀dá mi lọ.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," Bọ̀ọ̀dá mi ní.

"Bínú? Mo ti ń bínú kí wọ́n tó bí ẹ. Máa lọ. Má sọ̀rọ̀."

*

Àǹtí kọ́kọ́ bẹ iná náà wò, bí ẹni ń bẹ aláìsàn wò.

Ṣẹ́ẹ̀fù mẹ́ta tí a ń to bébà sí ló wà lára ògiri. Ti àárín nìkan ló di eérú, èyí tí apá tó gbẹ̀yìn wà. Àwọn eré àtijọ́ wà lápá ọ̀tún àti òsì, wọ́n kàn dúdú létí ni.

"Iná yìí mọ̀wé," Àǹtí ní. "Ó ka àkọlé kó tó jẹun. Kámẹ́rà yín ńkọ́?"

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti rí kámẹ́rà ńlá tí a fi ń ya àwọn bébà wa. Wọ́n ti gbé e kúrò ní àyè rẹ̀, wọ́n sì ta tapólì tútù bò ó, wọ́n ki etí rẹ̀ sábẹ́ dáadáa bí ẹní da aṣọ bo ọmọ tó sùn. Kámẹ́rà náà wúwo. Kì í dá rìn.

"Ta ló gbé e?"

A wo ara wa. Bàbá Wa mi orí, ojú wọn pọ́n láti ìdájí. Àárọ̀ yẹn nìkan, wọ́n ti bú ọlọ́pàá, wọ́n ti bú panápaná, wọ́n ti bú ọ̀dà.

"Ọlọ́run ló yọ ọ́," wọ́n ní.

"Ọlọ́run ló tún ta tapólì bò ó, Bàbá?"

Àǹtí fà mí sẹ́yìn.

"Ẹni tó dáná yìí fẹ́ràn ibí. Ó fẹ́ kí eré kan kú, kí iléeṣẹ́ má kú. Ọlọ́pàá kọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọlọ́pàá kọ́?"

"Ọlọ́pàá ì bá jí kámẹ́rà náà."

*

Olóhùn ni Àǹtí kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀. Òun ló ń sọ̀rọ̀ fún Sájẹ́ǹtì nínú eré, ọkùnrin sísanra tí ohùn rẹ̀ máa ń sá bọ́ sí ti Sájẹ́ǹtì bí ẹ̀rù bá bà á. Kẹrosíìnì ń rùn lára ṣòkòtò rẹ̀. Inú mi ti dùn, mo ti rò pé a ti rí i.

"Wọ́n fẹ́ ti Sájẹ́ǹtì mọ́lé," Àǹtí ní. "Ìyẹn ni pé oúnjẹ ẹ tán. Àbí irọ́ ni?"

"Mo... mo bá Bọ̀ọ̀dá jà lóòótọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó sá lọ, ká tún rí i nígbà mìíràn."

"Kẹrosíìnì ńkọ́?"

"Ṣéènì alùpùpù mi ni mo fi fọ̀!" Ohùn ti yí padà, Sájẹ́ǹtì ló ń fọhùn: "Ẹ̀yin ará ìlú, àpò wo lẹ fẹ́ kí n fi búra?"

"Níbo lo wà lọ́sàn-án àná?"

"Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ọsibítù. Mò ń ṣe Sájẹ́ǹtì fún wọn. Nọ́ọ̀sì ní kí n dákẹ́, ẹ̀rín fẹ́ já okùn iṣẹ́ abẹ ọmọ kan."

Àǹtí tẹ ọsibítù láago. Nọ́ọ̀sì náà ṣì ń bínú. Wọ́n pa fóònù, wọ́n fọ́ súìtì mìíràn.

"Lọ jókòó. Má kúrò."

*

Ọlọ́dẹ òdìkejì títì ò gbójú sókè.

"Mi ò rí nǹkan kan, mà. Mo sùn."

"Ta lo wá ṣàpèjúwe fún?"

"Mi ò ṣàpèjúwe fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti ya àwòrán yẹn tán kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀gá Lọ́fínńdà tẹ́ ẹ síwájú mi, ó ní ẹni tí mo rí nìyí. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá iṣẹ́ mi ṣì wù mí."

"Wàá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́?"

"Mà, mo lọ́mọ."

Mo fẹ́ gbá a létí. Mo sọ ọ́ síta pé ojo ni, pé ọmọ tó ń tọ́ á gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Àǹtí di apá mi mú, wọ́n wọ́ mi sọdá.

"Fi tálákà sílẹ̀. Ẹni tó yẹ kó o gbá létí ò sí níbí. Ó wà nínú ilé tí a ti jáde."

"Ta ni?"

"Mi ò tíì mọ̀. Wá bébà fún mi, kó pọ̀."

*

Àǹtí kó gbogbo wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: èmi, Olóhùn, Bàbá Wa, àti Àárín, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ya àwọn àwòrán tó wà láàárín ìgbésẹ̀ kan sí èkejì. Kò tún sí ẹlòmíì níbi iṣẹ́ náà. Àǹtí pín bébà àti pẹ́ńsù.

"Ẹ ya obìnrin tó gbé garawa omi. Kíá. Ẹ má rò ó."

"Àkókò eré rèé?" Bàbá Wa jágbe. "Wọ́n fẹ́ gbé ọmọ mi lọ ẹ̀wọ̀n!"

"Nítorí ọmọ yín náà ni, Bàbá. Ẹ bá mi yà á."

A yà á. Bí pẹ́ńsù ṣe fara kan bébà, ọwọ́ mi ti mọ ibi tó ń lọ. Bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn. Àǹtí gbà á lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò ó sílẹ̀.

"Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan," wọ́n ní. "Àwòrán tí Lọ́fínńdà fi hàn yín láàárọ̀, kí lẹ rí tí kò dáa níbẹ̀?"

Àárín ní irọ́ ni. Àǹtí ní àwọn mọ̀ pé irọ́ ni, kí ni ojú rẹ̀ rí? Kò rí nǹkan kan. Èmi náà ò rí nǹkan kan.

"Ọwọ́ tó gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn," Àǹtí ní, "ìka mẹ́rin ló ní."

Mo wo ọwọ́ ara mi.

Ìka mẹ́rin ni gbogbo ènìyàn inú eré wa ń ní: àtàǹpàkò kan, mẹ́ta tó kù. Ọwọ́ kan ṣoṣo lè gba ọgọ́rùn-ún bébà. Ìka tí a bá yọ, iṣẹ́ ló dín kù. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀ ni Bàbá Wa ti kọ́ mi. Bí mo bá gbàgbé tí mo fi ìkarùn-ún kún un, wọ́n á fi pẹ́ńsù gbá mi lórí eegun ọwọ́, wọ́n á ní, "Ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Ó mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí a ò fi rí i mọ́. Lọ́fínńdà gbé ìka mẹ́rin kọjá níwájú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ṣẹ́jú, nítorí ọwọ́ tiwa ni.

"Ayàwòrán ọlọ́pàá kankan ò ní ya èèyàn gidi ní ìka mẹ́rin," Àǹtí ní. "Inú ilé yìí ni wọ́n ti ya àwòrán yẹn. Mo ní kí ẹ yà, mi ò sọ ìdí. Ẹ wá wò ó báyìí."

A tẹ̀ síwájú. Ti Olóhùn, igi ìṣáná ló fi ṣe ọwọ́. Ọlọ́run ò fún un ní ju ohùn lọ. Tèmi, ìka mẹ́rin. Ti Àárín, ìka mẹ́rin.

Ti Bàbá Wa dára ju ti gbogbo wa lọ. Obìnrin náà tẹ̀ síbi tó yẹ kó tẹ̀, omi ń dà létí garawa. Ìka márùn-ún ló fi dì í mú. Kódà, wọ́n ya èékánná sí i.

"Bàbá," ohùn Àǹtí ti rẹlẹ̀, èyí tó burú jù nìyẹn. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn ní mẹ́rin. Kí ló dé tó di márùn-ún lónìí?"

Omi ń kán láti àjà.

"Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ kì í ka ìka, Bàbá. Ẹni tó bá rántí pé mẹ́rin ló yà lánàá nìkan ló ń kà á."

Pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Láti ìgbà yẹn, mi ò fi "wọ́n" pè é mọ́.

"Ìgbà tí Lọ́fínńdà na àwòrán yẹn sókè ni mo rí ìka mẹ́rin náà," ó ní. "Ọwọ́ mi ló bá mi yà á. Mi ò rò ó."

"Kí ló dé?" Èmi ni mo kígbe.

"Ọ̀gá yẹn ò mọ̀ pé òun là ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ràn Sájẹ́ǹtì! Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń kó àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ jọ sídìí tẹlifíṣàn, ẹ̀gbọ́n òun ló ń pe Sájẹ́ǹtì. Ìgbà tó gbọ́ pé a máa mú un, ó wá bá mi nílé, ó ń sunkún. Ó ní ká fi jẹ Kọmíṣánnà. Ẹ̀gbọ́n ẹ ní láéláé. Lọ́fínńdà ní òun á ti ibí pa, òun á fi lọ́rì gun orí kámẹ́rà náà níṣojú mi." Ó nu imú. "Mo wọ́ kámẹ́rà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sun eré kan. Mo fi gba gbogbo yòókù là."

"Kí wá ni ti Bọ̀ọ̀dá mi níbẹ̀?"

Kò wò mí.

"Ṣebí ì bá tún un yà, bí wọn ò bá tì í mọ́lé."

Mo gbé ike ọ̀dà pupa tó wà lẹ́sẹ̀ mi, mo sì dà á sí i lórí. Kò sá. Ọ̀dà náà ṣàn gba irun funfun rẹ̀ lọ sí kọ́là, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kí n ṣe sùúrù, àní Àárín tí kì í gbójú wo àgbà.

"Ẹ yọ ẹ̀rọ nínú iná," Àǹtí sọ fún un, "ẹ wá fi èèyàn dípò. Ẹ dìde. A ń lọ sílé ẹjọ́."

"Wọ́n á tì mí mọ́lé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo ti darúgbó."

"Kí ẹ tó ya àwòrán yẹn lẹ ti darúgbó. Ẹ dìde!"

*

Obìnrin ni adájọ́ náà, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì fẹ́ lọ sílé. Lọ́fínńdà ti fín lọ́fínńdà títí, akọ̀wé ilé ẹjọ́ ń sín. Ó ti búra, ó sì ti sọ pé ayàwòrán òun ló ya àwòrán náà níwájú òun. Adájọ́ bi í pé níbo ni ayàwòrán ọ̀hún wà.

"Ó lọ ìsinmi, Ọlọ́lá. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un."

Àǹtí tọrọ àyè. Wọ́n ní kí adájọ́ ka ìka ọwọ́ tó gbé kẹ́ẹ̀gì. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó ní kí Bọ̀ọ̀dá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dún, ìka rẹ̀ sì pé pérépéré lójú gbogbo èèyàn.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ìka kan dà?"

"Ó fara pamọ́ sẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì, Ọlọ́lá. Ọ̀daràn máa ń fara pamọ́."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bàbá náà dìde láti ẹ̀yìn, ọ̀dà pupa ti gbẹ sí i létí. Ó ní òun lòun yà á, òun lòun dáná náà. Adájọ́ ní kí ló lè jẹ́ kí òun gbà á gbọ́. Ó béèrè bébà. Níwájú gbogbo ilé ẹjọ́, kí akọ̀wé tó sín tán, Bọ̀ọ̀dá mi tún ti jáde láti ẹnu ọ̀nà lórí bébà náà, èjìká òsì rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ráyè ka nǹkan kan. Ìka mẹ́rin.

Adájọ́ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó yí ti àkọ́kọ́ padà, ó ka ohun tí Lọ́fínńdà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sẹ́yìn rẹ̀, ó wo fìlà kékeré náà títí.

"Ẹ tú ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀," ó ní.

Bọ̀ọ̀dá mi ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó dé iwájú ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Bàbá náà ti na ọwọ́. Bọ̀ọ̀dá mi ò gbà á.

"Ẹ ya èjìká mi dáadáa," ó ní, ó sì kọjá lọ.

*

Bàbá náà lọ ẹ̀wọ̀n. Lọ́fínńdà ńkọ́? Wọ́n ní àwọn á wádìí rẹ̀. Ìwádìí náà gbé e lọ sí àgọ́ mìíràn, tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ tí Àǹtí gbọ́, wọ́n fọ́ súìtì títí eyín wọn kan fi kán, wọ́n sì tu eyín náà àti súìtì sínú agbada ìfọwọ́.

Ṣùgbọ́n àwa tún un yà. Iyàrá Bọ̀ọ̀dá mi la ti yà á, bébà kún orí ibùsùn, kámẹ́rà wà níbi tó yẹ kí àga wà. Níkẹyìn eré náà, wọ́n tú àpò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán Sájẹ́ǹtì síta, ọmọ ológbò fò jáde sá lọ, wọ́n sì ní kó gbé ọwọ́ sókè. Bọ̀ọ̀dá mi ya ọwọ́ náà ní ìka márùn-ún. Nígbà tí Àárín kó iṣẹ́ tirẹ̀ wá, mẹ́rin-mẹ́rin ló wà níbẹ̀, bó ti mọ́ ọn lára. Bọ̀ọ̀dá mi dá gbogbo rẹ̀ padà.

"Tún un yà. Ẹni yìí kì í ṣe kátúùnù. Èèyàn gidi ni."

Gbogbo èèyàn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Nígbà tí ọwọ́ náà gòkè lórí tẹlifíṣàn, kò sẹ́ni tí wọ́n ní láti là á yé. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ibi tí Lọ́fínńdà bá gbà kọjá, awakọ̀ á yọ ọwọ́ lójú fèrèsé, télọ̀ á yọ ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ iléèwé á dúró lójú títì, wọ́n á ya ìka wọn sílẹ̀ gedegbe sí i: márùn-ún. Wọ́n ní ó ń bi àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ pé kí ló túmọ̀ sí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Wọ́n tún ní ó ti gbé tẹlifíṣàn àgọ́ náà sọnù.

Bébà kan nínú èyí tí Àárín tún yà wà lára ògiri mi níbí. Ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Èmi ni mo kùn ún. Bọ̀ọ̀dá mi ti kú, kò dárí ji bàbá náà kó tó lọ. Ìgbà mìíràn, ní irú ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo nǹkan ilé máa ń jìnnà, ọkàn mi á fẹ́ rọ̀, á ní àgbàlagbà ni bàbá yẹn, ẹ̀rù ló bà á. Mo máa ń dìde lọ síwájú ògiri náà. Mo máa ń ka ìka.